Àìbáramu Agogo ni Àrùn Tí Ń Ṣe Àwọn Ẹ̀rọ Tí Ń Ṣọ́ Ọkọ̀ Òfúrufú

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọkọ̀ òfúrufú Azerbaijan Airlines kan gbéra láti ìlú Baku, ó ń lọ sí Grozny ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Kò rí ibẹ̀ balẹ̀. Ẹ̀bá ìlú Aktau ní ilẹ̀ Kazakhstan, ní òdìkejì Òkun Caspian, ni ó já sí. Nínú ènìyàn 67 tí ó wà nínú rẹ̀, 38 kú, 29 sì yè. Oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Ààrẹ Putin tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ohun ìjà tí àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà yìn ni ó bú gbàù nítòsí ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìjàm̀bá náà gan-an ni ilé-iṣẹ́ Flightradar24 ti ilẹ̀ Swídìn ti kéde pé wọ́n ti da GPS ọkọ̀ náà rú lójú ọ̀run, tí ìròyìn tí ó ń fọ́n ká nípa ibi tí ó wà kò fi ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́.

Ta ni ó fún ilé-iṣẹ́ náà ní ìròyìn? Kì í ṣe ológun, kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Àwọn aráàlú lásán ni: olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, àwọn ènìyàn tí ó gbé ẹ̀rọ rédíò kékeré kan sí yàrá tí wọ́n sì fi èríálì rẹ̀ sí orí òrùlé, tí wọ́n ń fi í gbọ́ ohun tí ọkọ̀ òfúrufú ń sọ. Ìfẹ́ iṣẹ́ náà ni ó mú wọn ṣe é. Ẹnikẹ́ni kò san owó oṣù fún wọn. Lónìí ọ̀rọ̀ wọn ti di ohun tí àwọn oníròyìn, àwọn olùṣèwádìí ìjàm̀bá àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá gbójú lé. Nítorí náà, bí àrùn kan bá ń ṣe àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, kì í tún ṣe ọ̀ràn àwọn aláré nìkan mọ́. Àrùn kan sì ń ṣe wọ́n ní tòótọ́. Àrùn náà ni àìbáramu agogo.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfúrufú òde òní ni ó ń fọ́n ìròyìn ká lórí rédíò ní 1090 MHz: àmì ìdánimọ̀ rẹ̀, bí ó ti ga tó, bí ó ti ń sáré tó, àti ibi tí ó wà. ADS-B ni wọ́n ń pe ètò yìí, ìjọba Amẹ́ríkà sì ti sọ ọ́ di dandan fún èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọkọ̀ tí ń fò ní ojú ọ̀run wọn láti ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020. Ìròyìn náà kò ní àgádágodo. Ẹni tí ó bá ní etí láti fi gbọ́, kí ó gbọ́. Ní ọdún 2012 ni àwọn ọlọ́gbọ́n kan rí i pé ẹ̀rọ bíńtín tí wọ́n ṣe fún wíwo tẹlifíṣọ̀n lórí kọ̀ǹpútà ṣeé sọ di etí bẹ́ẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni kọ̀ǹpútà pọ́ọ́kú tí a ń pè ní Raspberry Pi jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò pẹ́ tí Salvatore Sanfilippo, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, kọ ètò dump1090 tí ó ń túmọ̀ ìró náà, ó sì fi í tọrẹ fún gbogbo ayé. Ohun tí ó jẹ́ iṣẹ́ àwọn olówó tẹ́lẹ̀ di ohun tí tálákà lè ṣe.

Ṣùgbọ́n àìlera kan wà nínú ètò náà. Ọkọ̀ òfúrufú kò dá ibi tí ó wà mọ̀. GPS ni ó ń sọ fún un. Bí ẹnì kan bá wà ní ilẹ̀ tí ó ń fi rédíò alágbára bo ohùn GPS mọ́lẹ̀, ọkọ̀ náà yóò yadi. Bí ó bá sì ń fi ohùn èké ṣe àfarawé GPS, ọkọ̀ náà yóò máa pa irọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ní irọ́. Láti ìgbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine ti gbóná ní ọdún 2022 ni irú ìwà yìí ti ń pọ̀ sí i ní agbègbè Òkun Baltic, ní Òkun Dúdú, àti ní ìlà-oòrùn Òkun Mẹditaréníà. Ẹlẹ́rìí tí a mú wá sí ilé ẹjọ́ ti di ẹni tí a ti fún ní ọ̀rọ̀ sọ láti ilé. Ẹlẹ́rìí mìíràn ni a nílò, èyí tí kò gbọ́ ti ẹnu GPS.

Ẹlẹ́rìí náà wà. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ oko ṣe àpẹẹrẹ. Ọdẹ kan yin ìbọn nínú igbó, àwọn àgbẹ̀ mẹ́rin sì gbọ́ ọ, olúkúlùkù nínú oko tirẹ̀. Ìró ń rin nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí àgbẹ̀ kìn-ín-ní bá fi ìṣẹ́jú àáyá 3 gbọ́ ọ ṣáájú èkejì, a mọ̀ pé ọdẹ náà fi nǹkan bí kìlómítà kan sún mọ́ ọn ju èkejì lọ. Bí a bá mú ọ̀rọ̀ ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin kún un, a ó mọ ìdí igi tí ọdẹ dúró sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdẹ kò la ẹnu sọ ibi tí òun wà. Báyìí gan-an ni ẹ̀rọ rédíò mẹ́rin ti ń wá ọkọ̀ òfúrufú rí nípa ìyàtọ̀ àkókò tí ohùn rẹ̀ fi dé ọ̀dọ̀ wọn. MLAT ni àwọn oníṣẹ́ náà ń pè é. Ọkọ̀ lè pa irọ́ nípa ibi tí ó wà, ṣùgbọ́n kò lè pa irọ́ nípa ọ̀nà tí ohùn rẹ̀ gbà dé etí ènìyàn.

Gbogbo rẹ̀ dúró lórí pé kí agogo àwọn àgbẹ̀ mẹ́rin náà bá ara mu. Nínú ọ̀rọ̀ ìbọn, bí agogo kan bá fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá yà, àṣìṣe wa kò ju mítà 170 lọ. Ṣùgbọ́n ohùn rédíò kì í rìn bí ìró ìbọn. Kìlómítà 300,000 ni ó ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìpín kan nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní máíkírósẹ́kọ́ńdì, ti tó fún un láti rin mítà 300. Agogo tí kọ̀ǹpútà ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè fi ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ṣìnà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Ní ti rédíò, kìlómítà 300 ni ìyẹn, èyí tí ó ju ọ̀nà Èkó sí Ìlọrin lọ bí ẹyẹ bá ń fò ó. Irú agogo bẹ́ẹ̀ tó fún kíkéde ìròyìn àti fún ṣíṣí ilé ẹ̀kọ́. Kò tó fún wíwá ọkọ̀ òfúrufú.

Kì í ṣe òní ni ọmọ aráyé ti mọ̀ pé agogo ni ó ń sọ ibi tí ènìyàn wà. Ní ọdún 1714 ni Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi £20,000 lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá lè wá ọ̀nà tí àwọn atukọ̀ yóò fi mọ bí wọ́n ti rìn jìnnà tó sí ìlà-oòrùn tàbí sí ìwọ̀-oòrùn lójú agbami. Káfíńtà kan tí ń jẹ́ John Harrison ni ó rí i ṣe. Agogo rẹ̀ tí wọ́n gbé lọ sí Jàmáíkà ní ọdún 1761 kò fi ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ ṣìnà fún gbogbo ìrìn àjò náà. Ohun tí Harrison ń bá jà nínú ọkọ̀ ojú omi, ooru, òtútù àti mímì, kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí olùfẹ́ rédíò òde òní ń bá jà lórí òrùlé rẹ̀. Ìwọ̀n nìkan ni ó ti yàtọ̀.

Nígbà náà, kí ni ó ń ba agogo àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí jẹ́? Ohun àkọ́kọ́ ni òkúta kírísítálì tí ń lù nínú ẹ̀rọ náà. Ìlù rẹ̀ ni ẹ̀rọ fi ń ka àkókò, mílíọ̀nù 28.8 ni ó sì yẹ kí ó lù ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí ó wà nínú ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú lè fi 50 nínú mílíọ̀nù ṣìnà, èyí tí í ṣe máíkírósẹ́kọ́ńdì 50, tàbí kìlómítà 15, ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, kì í ṣe ìṣìnà náà ni ó burú jù. Agogo tí ó ń fi ìwọ̀n kan náà yá lójoojúmọ́ ṣeé bá gbé. A ó kàn máa yọ ìwọ̀n náà kúrò. Èyí tí ó yá nígbà tí oòrùn mú, tí ó sì falẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn fẹ́, òun ni kò ṣeé bá dámọ̀ràn. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà dáradára fi ń ra ẹ̀rọ tí kírísítálì rẹ̀ ní ohun tí ń ṣàtúnṣe fún ooru, tí ìṣìnà rẹ̀ kò ju 1 nínú mílíọ̀nù lọ, tí kò sì ń gbé e sí ojú oòrùn.

Ohun kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ó máa ń dé lójijì. Ẹ̀rọ kékeré náà ń fi òṣùwọ̀n mílíọ̀nù 2.4 ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, kíka wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni a sì fi ń mọ àkókò. Bí iná kò bá tó ẹ̀rọ náà, bí okùn tí ó so ó pọ̀ bá ti gbó, tàbí bí kọ̀ǹpútà bá ń ṣe iṣẹ́ mìíràn tí ó wọ̀ ọ́ lọ́rùn, díẹ̀ nínú wọn yóò bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí 2,400 péré bá sọnù, agogo ti fi ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀yìn, ẹ̀rọ náà kò sì ní mọ̀. Ẹni tí ń ka owó tí ó fo ewé kan yóò parí iye rẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú, ṣùgbọ́n owó náà kò ní pé. Ìwòsàn rẹ̀ kò gba ọgbọ́n ńlá: ohun tí ń pèsè iná tí ó dára, okùn kúkúrú tí ó nípọn, àti kọ̀ǹpútà tí a kò di ẹrù tí kò lè rù lé lórí.

Ohun kẹta kì í ṣe àìsàn ẹ̀rọ, àìsàn ọmọ ènìyàn ni. Ìṣirò MLAT nílò ibi tí èríálì wà gan-an. Àwọn kan ń ro pé bí àwọn bá fi àmì sí àárín ìlú, ó tó. Àwọn mìíràn mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi í sí òpópónà kejì kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ ilé wọn. A kò bá wọn wí pé wọ́n ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi mítà 300 parọ́ nípa ilé rẹ̀ ti fi máíkírósẹ́kọ́ńdì kan ba agogo rẹ̀ jẹ́. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí ó sọ òótọ́ fún ẹ̀rọ ìṣirò, kí ilé-iṣẹ́ tí ń gba ìròyìn sì pa àṣírí náà mọ́ lójú gbogbo ayé. Ohun kan náà ni a ní láti sọ fún àwọn tí ń gba èsì tí MLAT ti ṣírò, tí wọ́n sì tún ń dá a padà sínú ìròyìn bí ẹni pé etí ara wọn ni wọ́n fi gbọ́ ọ. Àgbọ́sọ kì í ṣe ẹ̀rí.

Bí gbogbo èyí bá ti wà, báwo ni agogo ọgọ́rùn-ún ilé ṣe lè bá ara mu? Ọgbọ́n tí wọ́n ta níhìn-ín dùn mọ́ wa púpọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ tí GPS rẹ̀ pé bá sọ ibi tí ó wà, tí ilé méjì sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà, ó rọrùn láti ṣírò ìgbà tí ó yẹ kí ohùn náà dé ọ̀dọ̀ èkíní àti èkejì. Bí ìyàtọ̀ àkókò wọn kò bá rí bẹ́ẹ̀, a mọ iye tí agogo wọn fi yàtọ̀ síra. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ń kọjá, nítorí náà a lè máa tún agogo náà ṣe láìdáwọ́dúró. Òwe àwọn baba wa sọ pé àìfàgbà fún ẹnì kan ni kò jẹ́ kí ayé gún. Níhìn-ín, ọkọ̀ tí ń kọjá lọ ni gbogbo agogo fi ṣe àgbà.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ewu tí ó wà níbẹ̀. Ní agbègbè tí wọ́n ti ń da GPS rú, àgbà náà gan-an ni ó ń parọ́. Bí ẹ̀rọ ìṣirò bá gba irọ́ rẹ̀ gbọ́, yóò fi irọ́ tún gbogbo agogo ṣe, yóò sì ba èyí tí ó ti dára tẹ́lẹ̀ jẹ́. Àwọn kan yóò sọ pé kí olúkúlùkù ra ẹ̀rọ tí ń gba àkókò tààrà láti ọ̀dọ̀ GPS. Ìyẹn dára ní ibi tí àlàáfíà wà. Ṣùgbọ́n rédíò tí ń bo GPS mọ́lẹ̀ lójú ọ̀run lè bò ó mọ́lẹ̀ lórí òrùlé pẹ̀lú. GPS fúnra rẹ̀ kò sì kọjá àṣìṣe. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2016, nígbà tí wọ́n ń yọ sátẹ́láìtì ògbólógbòó kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àwọn sátẹ́láìtì kan fi àkókò tí ó fi nǹkan bí máíkírósẹ́kọ́ńdì 13 yà ránṣẹ́ sí ayé. Kò ṣi àwọn ọkọ̀ lọ́nà, ṣùgbọ́n ó da àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fi àkókò GPS ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ wọn láàmú.

Lójú ti wa, ààbò wà nínú ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìí àti nínú kírísítálì tí kì í ṣe oníyẹ̀yẹ́. Bí ilé méjì bá gba irọ́ gbọ́, ilé ogún tí agogo wọn dúró déédéé yóò tako ara wọn nípa rẹ̀, ẹ̀rọ ìṣirò yóò sì mọ̀ pé ọkọ̀ yìí kò ṣeé fi ṣe àgbà. Kírísítálì tí ó dúró ṣinṣin yóò sì di àkókò mú fún ìgbà díẹ̀ títí ọkọ̀ olóòótọ́ mìíràn yóò fi kọjá. Ẹni tí agogo rẹ̀ kò dúró kò lè jẹ́rìí tako ẹnikẹ́ni, nítorí a kò ní mọ̀ bóyá òun tàbí ẹni tí ó ń tako ni ó ṣìnà. Àtúnṣe agogo tí àwọn kan ń pè ní eré ọmọdé ni ó ń ya ẹ̀rí sọ́tọ̀ kúrò lára ariwo.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò bi wá pé, ṣé ìjọba kò ní rádà ni? Wọ́n ní. Kò sí ẹni tí ó sọ pé kí a máa fi ẹ̀rọ orí òrùlé darí ọkọ̀ òfúrufú. Iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí a kọ́ ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìjọba tí ń jagun kì í fi ìwé rádà rẹ̀ han aráyé. Nígbà tí ènìyàn 38 bá kú, tí ẹni tí ọ̀ràn kàn sì fẹ́ dákẹ́, ìwé tí ó wà lọ́wọ́ aráàlú ni àwọn ẹbí òkú lè rí kà.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a kò lè gbójú fò dá. Ní ọdún 2021 ni Collins Aerospace ra FlightAware. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 ni JETNET ra ADS-B Exchange, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kà sí ilé àwọn olùfẹ́ rédíò tí kì í fi ohunkóhun pamọ́. Inú bí ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì yọ ẹ̀rọ wọn kúrò, wọ́n lọ dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀. A kò sọ pé òwò jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ń tọ́jú ẹ̀rọ ìṣirò ńlá ní láti san owó iná. Ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, àwọn tí ó ni ọwọ́ náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ó gbọ́ ìdúnàádúrà kẹ́yìn. Bí ilé mẹ́rin bá ń gbọ́ ọkọ̀ ní agbègbè kan, tí èkan nínú wọn bá bínú pa ẹ̀rọ rẹ̀, MLAT ti kú ní agbègbè náà. Àìfọkànsìn ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ bí kírísítálì búburú ti ń bà á jẹ́.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí kò pọ̀. Kí wọ́n máa fi han olúkúlùkù bí agogo rẹ̀ ti bá ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ mu tó, ní èdè tí ènìyàn lásán lè yé, kì í ṣe kí wọ́n kàn yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò láìwí fún un. Kí wọ́n fi àmì sí ara èsì tí ó ti inú ìṣirò wá, kí ó yàtọ̀ sí èyí tí ọkọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn olùṣèwádìí rí ìwé wọn kà, bí OpenSky, tí àwọn ọ̀mọ̀wé dá sílẹ̀ ní Yúróòpù, ti ń ṣe fún iṣẹ́ ìwádìí.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ẹ ti rò lọ. Àwọn etí wọ̀nyí pọ̀ bí ewé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n wọ́n fọ́n káàkiri ní ilẹ̀ Áfíríkà, ibi tí kò bá sì pé mẹ́rin, MLAT kò lè ṣiṣẹ́. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀, ìṣòro kan tún wà: gbogbo Raspberry Pi tí ó jáde ṣáájú èyí tí wọ́n pè ní 5 ní ọdún 2023 ni kò ní agogo tí ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá kú. Bí iná bá dé, kọ̀ǹpútà náà yóò jí sínú ọjọ́ àná, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè má gbà á wọlé títí yóò fi rí àkókò òòtọ́. Agogo kékeré tí ó ní bátìrì tirẹ̀ wò ó sàn. Ẹ wo irú ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ fún ọmọ kíláàsì: ìṣirò, ìyára ìmọ́lẹ̀, àwòrán ilẹ̀, àti pàápàá jù lọ, bí a ti ń yẹ ọ̀rọ̀ wò kí a tó gbà á gbọ́.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Àwọn tí ń da GPS rú ń tan ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó fẹ́ mọ òótọ́ lẹ́yìn wọn ní láti kọ́kọ́ rí i dájú pé agogo tirẹ̀ pé.